Ọwọ́ Dókítà Lórí Ẹsẹ̀ Gúnrégé

Kí n tó fi ojú rí i, etí ni mo fi kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mo wà lẹ́yìnkùlé nídìí ọpọ́n, aṣọ oníbàárà wà lọ́wọ́ mi, ọṣẹ dé ìgúnpá, ni mo gbọ́ ẹni tó ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ń rìn bí ẹsẹ̀. Èkejì ń gbá ilẹ̀. Pá. Ó dákẹ́ díẹ̀. Pá. Mo rò pé àlejò kan ni, tó wọ bàtà tí kò bá a mu. Mo gbójú sókè. Ọkọ mi ni.

Mo tún tẹrí ba sídìí aṣọ.

Bàbá ọkọ mi, bí tiwọn ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wọ́ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọwọ́. Lẹ́yìn náà, ẹnu wọn yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn ò sì sọ ọ̀rọ̀ tó já gaara mọ́ títí tí wọ́n fi kú. Rọpárọsẹ̀. A kì í pe orúkọ yẹn nílé wa. Bó bá di dandan, a ó ní "ohun tó mú Bàbá."

Onítáìsì ni ọkọ mi. Gúnrégé ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí pé bó bá tẹ́ táìsì sí pálọ̀, tó o bá da omi sí i, ńṣe ni omi náà yóò dúró tí yóò máa wò ọ́, kò ní mọ ibi tó máa gbà. Àfi ti balùwẹ̀, èyí tó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ mú rẹlẹ̀ síhà ihò omi. Orí ìlóṣòó àti ìkúnlẹ̀ ló ti ń jẹun. Bí ẹsẹ̀ bá lọ, kí ló kù?

Mo bi í nígbà tó jókòó tán pé kí ló ṣe ẹsẹ̀.

"Ó kàn kú ni," ó ní. "Mo lóṣòó pẹ́. Yóò jí."

Kò jí. Ilẹ̀ mọ́, kò jí. Ó ń gbá ilẹ̀ káàkiri ilé, èmi náà ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fi dé. Àǹtí ni mo máa ń pè wọ́n. Ẹnu Àǹtí kì í sinmi. Bí wọ́n bá sùn pàápàá, mo rò pé àlá ni wọ́n ń bá ṣe àríyànjiyàn. Wọ́n kàn rí i tó dìde láti kí wọn, wọ́n gbé ọwọ́ lérí.

"Yéè! Ìrìn Bàbá nìyí! Ìrìn Bàbá ló ń rìn yìí!"

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́," ni ọkọ mi wí.

"Ẹ jọ̀ọ́ kí ni? Dùbúlẹ̀! Má tún tẹ ẹsẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀. Ilé mi ni màá gbé ẹ lọ. Ibẹ̀ ni wàá wà, kí n máa fún ẹ lóúnjẹ lẹ́nu."

Bí wọ́n ṣe tọ́jú Bàbá nìyẹn. Wọ́n tẹ́ wọn sórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Bàbá ò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Mo wo ọkọ mi, mo rí i pé ó ti ń wo bẹ́ẹ̀dì. Mi ò mọ ibi tí mo ti rí ohùn tí mo fi sọ̀rọ̀.

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ fi han dókítà."

"Kí dókítà wá sọ fún mi pé mo ti di Bàbá?" ni ọkọ mi wí. Ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ mú bàtà.

Ilé ìwòsàn àdúgbò wa kò tóbi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ni, bẹ́ǹṣì ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ọ̀dà aláwọ̀ ewé dé ìdajì ògiri, funfun lókè. Ọkọ mi ò wo ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Ta ló tẹ́ táìsì yìí? Ó yẹ kí wọ́n mú un."

"Fi ti táìsì sílẹ̀," ni Àǹtí wí. "Ìwọ ni wọ́n fẹ́ mú."

Wọ́n ti wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní ó dára. Ìyẹn ò tù mí nínú. Mo jókòó, mo di etí ìró mi mú.

Dókítà náà ò jókòó dè wá nínú yàrá. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sẹ́nu ọ̀nà, ló pè wá, ló sì dúró síbẹ̀. Obìnrin ni, yóò bá àbúrò mi tó kéré jù dọ́gba. Èmi alágbàfọ̀, apá ẹ̀wù ni mo máa ń kọ́kọ́ wò lára èèyàn. Tirẹ̀ mọ́, ó ká a sókè dé ìgúnpá bí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́. Bí ọkọ mi ṣe ń bọ̀, dókítà ò wo ojú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ló ń wò, láti orúnkún dé ọmọ ìka. Ọkọ mi ń gbé orúnkún ọ̀tún sókè bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn tí kò sí níbẹ̀, kí ọmọ ìka má baà kọ́ ilẹ̀.

"Ẹ padà síbi tẹ́ ẹ ti wá, bàbá, kẹ́ ẹ tún máa bọ̀."

"Ṣé mo ṣẹ̀ ni?"

"Ẹ ò ṣẹ̀. Ìrìn yín ló ń bá mi sọ̀rọ̀, mi ò tíì gbọ́ ọ tán."

Ó ní kó fi ọmọ ìka rìn. Ó ṣe é. Ó ní kó fi gìgísẹ̀ nìkan rìn. Tòsì dúró lórí gìgísẹ̀. Tọ̀tún wó lulẹ̀. Pá.

A wọlé. Àǹtí ò tíì jókòó tán tí wọ́n fi béèrè. "Dókítà, ṣé ẹ̀yin ni dókítà ọpọlọ?"

"Rárá o, màmá. Ikọ́ ni, ibà ni, ọmọ tó ti ẹ̀wà bọ imú ni, gbogbo rẹ̀ lèmi ń wò. Ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ jìnnà síbí. Ṣùgbọ́n kí n tó rán èèyàn lọ sọ́nà jíjìn, ó yẹ kí n mọ ohun tí mò ń rán an lọ wá."

Àǹtí yí ojú sí mi. Ojú náà ń sọ pé: ìwọ lo mú wa wá síbí.

"Bàbá, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Nígbà tí wọ́n ti ibi iṣẹ́ dé ni," èmi ni mo dáhùn.

"Irọ́ ni, ó ti wà lára rẹ̀ tipẹ́," ni Àǹtí wí, "ẹ ò mọ ìran wa ni, bàbá wa..."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ ṣé. Ahọ́n wọn wà lára ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò. Bẹ́ ẹ bá ń bá wọn dáhùn, tiyín ni mò ń yẹ̀ wò o."

Ọkọ mi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Bó ṣe ń sọ ọ́, dókítà ò kọ nǹkan kan, ó kàn ń wo ẹnu rẹ̀, ó ń gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde. Mo wá mọ̀ pé àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀ látẹnu ọ̀nà, àwa ni a ò mọ̀.

"Ẹ rẹ́rìn-ín sí mi, bàbá. Kẹ́ ẹ ṣí eyín."

"Háà!" ni Àǹtí wí. "Ẹ ti bá a débi tó le. Látìgbà tó ti gbéyàwó ni kò ti rẹ́rìn-ín mọ́."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọkọ mi. Ẹ̀rín tòótọ́ ni, kì í ṣe ti àyẹ̀wò. Mo wo igun ẹnu méjèèjì. Wọ́n jọ gbéra, wọ́n jọ dúró. Mo mí.

Ó ní kó di ojú pinpin, ó fi ìka gbìyànjú láti là á, kò là. Ó ní kó na ahọ́n. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹyinjú rẹ̀, ó ní kó máa fi ojú tẹ̀lé ìka òun láì yí orí. Ó ní kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kó la àtẹ́lẹwọ́ sókè bí ẹni tó ń gba nǹkan, kó wá di ojú. Ó ń wò bóyá ọwọ́ kan yóò rọra máa sọ̀ kalẹ̀. Èmi náà ń wò. Kò sí èyí tó sọ̀.

Ohunkóhun tó bá ṣe sí ọ̀tún, yóò ṣe é sí òsì. Ìyẹn dùn mọ́ mi. Bí èmi náà ṣe ń mọ̀ bóyá aṣọ funfun ti mọ́ nìyẹn, mo máa ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun mìíràn ni. Aṣọ kan ṣoṣo ò lè jẹ́rìí ara rẹ̀.

Ọkọ mi gun bẹ́ẹ̀dì. Dókítà di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. "Ẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ bí ẹni ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ." Ẹsẹ̀ ọ̀tún tì í débi pé dókítà fẹ́rẹ̀ẹ́ kọsẹ̀. "Ó dáa. Ẹ wá fà á sókè sí ara yín." Òsì gbéra. Ọ̀tún sùn síbẹ̀ bí aṣọ tútù lórí okùn. Òógùn bo iwájú orí ọkọ mi. "Ẹ yí àtẹ́lẹsẹ̀ sínú." Ó yí i. "Ẹ yí i síta." Kò lè yí i.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni dókítà wí, sí ara rẹ̀. Ẹ̀n-ẹ́n yẹn gún mi láyà. Mi ò mọ̀ bóyá rere ni tàbí búburú.

Ó mú òòlù kékeré kan jáde, olórí rọ́bà.

"Òòlù?" ni Àǹtí wí. "Ṣé ẹ fẹ́ kàn án mọ́ bẹ́ẹ̀dì ni?"

Ó kàn án lábẹ́ orúnkún, ẹsẹ̀ ta. Ó kan tìkejì, ó ta bákan náà. Ó kàn án lẹ́yìn gìgísẹ̀. Ọkọ mi gbé orí sókè, ojú rẹ̀ yí padà, bí ẹni tó rí ará ilé lójú ọjà.

"Èmi náà máa ń fi òòlù rọ́bà kan táìsì báyìí. Èyí tó bá ṣófo lábẹ́, ohùn rẹ̀ yàtọ̀."

"Kí lẹ máa ń ṣe fún èyí tó bá ṣófo?"

"Màá ṣí i, màá fi sìmẹ́ǹtì kún abẹ́ rẹ̀. Mi ò jẹ́ fọwọ́ kan ilẹ̀ tó kù."

"Iṣẹ́ kan náà là ń ṣe, bàbá. Ibi tó ṣófo lèmi náà ń wá."

Ó fi ẹnu kọ́kọ́rọ́ ha àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, láti gìgísẹ̀ lọ sókè. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀, ọ̀tún àti òsì. Dókítà mi orí. Ó wá já òwú díẹ̀, ó lọ́ ọ lẹ́nu.

"Ẹ di ojú. Bí òwú bá kàn yín, ẹ ní 'bẹ́ẹ̀ ni.'"

Ó bẹ̀rẹ̀ láti òsì. Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Ó bọ́ sí ọ̀tún. Itan, bẹ́ẹ̀ ni. Ojúgun, bẹ́ẹ̀ ni. Orí ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Dókítà dúró, ó wojú rẹ̀, ó tún fi òwú kan ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni.

Ibi tí mo jókòó sí, mo rí ohun tí dókítà tó tẹrí ba ò lè rí. Ojú ọkọ mi ò dé. Ó ṣí i díẹ̀, bí ẹni tó ń yọjú láti àlàfo ilẹ̀kùn. Ńṣe ló ń wo òwú náà tó sì ń dáhùn.

Ó fẹ́ yege ni. Ó rò pé bí òun bá pàdánù, dókítà yóò pe orúkọ yẹn. Mo mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ torí pé èmi náà fẹ́ kó yege. Inú mi ń sọ pé, panu mọ́, jẹ́ kó máa wò ó, kí wọ́n ní kò ṣe nǹkan kan, ká máa lọ sílé. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo dójú tì í lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú ilé òkùnkùn, èmi ni mo pa fìtílà mọ́ ọn lójú.

Mo wúkọ́.

"Dókítà. Wọ́n ń yọjú."

"Háà! Ìyàwó!" ni Àǹtí wí.

Ọkọ mi la ojú sí mi bí ẹni pé mo dalẹ̀ rẹ̀. Mo wo ilẹ̀.

Dókítà ò rẹ́rìn-ín, kò bínú. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. "Bàbá, ìdánwò kọ́ lèyí. Kò sẹ́ni tó ń fún yín ní máàkì. Ibi tẹ́ ẹ bá ti ní 'mi ò mọ̀,' ibẹ̀ gan-an ni ọ̀nà mi. Bẹ́ ẹ bá bò ó mọ́ mi lójú, ìta ni mo dúró sí."

Ọkọ mi wo òwú tó wà lọ́wọ́ dókítà. "Bó bá jẹ́ ohun tó mú bàbá mi ńkọ́?"

Kò tíì sọ ọ́ síta rí. Àǹtí gan-an dákẹ́.

"A ó mọ̀ ọ́n. Bá a bá sì ti mọ̀ ọ́n, a ó mọ ohun tó kàn." Ó yíjú sí mi. "Ẹ wá, màmá. Ẹ fi ọwọ́ yín bò wọ́n lójú."

Mo dúró lẹ́yìn orí rẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì bò ó lójú. Òórùn ọṣẹ wà lọ́wọ́ mi. Irun ìpéǹpéjú rẹ̀ ń lù lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi bí labalábá tí a mú. Nígbà tó yá, ó rọ̀.

Òwú kan itan. Bẹ́ẹ̀ ni. Ó kan ẹ̀gbẹ́ ojúgun níta. Kò dáhùn. Ó kan orí ẹsẹ̀. Kò dáhùn. Ó kan àárín àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀lé e. Ọkọ mi dùbúlẹ̀, kò mọ̀ pé wọ́n ń fọwọ́ kan òun. Òwú bọ́ sábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni! Ó ń rìn mí."

Ìka tó kéré jù, létí ìta: bẹ́ẹ̀ ni. Ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni. Ní gbogbo ibi tí kò ti dáhùn, dókítà fi bírò to àmì sí i. Nígbà tó tò ó tán, mo rí i kedere. Ilẹ̀ kan ni, ó ní ààlà: ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá orúnkún níta, ó sọ̀ kalẹ̀ dé orí ẹsẹ̀, ó dúró. Àìsàn náà ní ibi tó mọ.

Dókítà fi ìka tọ ààlà náà gòkè, jẹ́jẹ́, títí ó fi kan egungun roboto tó wà níta, nísàlẹ̀ orúnkún. Ó fi ìka lù ú.

"Yéè! Iná!"

"Ó sáré dé ibo?"

"Orí ẹsẹ̀! Ọmọ ìka!"

Ó lu tòsì. Kò sí nǹkan kan. Ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó tàn án sí ọ̀tún. Awọ ibẹ̀ dúdú ju ìyókù lọ, ó lọ yíká bí ojú ìgbànú.

"Bàbá, kí lẹ máa ń so síbí?"

Ojú ọkọ mi mọ́lẹ̀. Ohun tó fi ń yangàn ni wọ́n béèrè. "Tìmùtìmù orúnkún ni. Èmi ni mo ṣe é fúnra mi, kò sẹ́ni tó ní irú ẹ̀ níbi iṣẹ́ wa. Fóòmù ni, mo fi awọ bò ó, mo fi rọ́bà inú táyà dè é. Ọ̀tún ni mo máa ń fi ara lé jù, torí náà ọ̀tún ni mo dè le jù. Bó bá dẹ̀, ó ń yọ̀."

"Àtàárọ̀ ṣúlẹ̀?"

"Ta ni yóò máa tú u, tí yóò tún máa dè é?"

Dókítà di ọwọ́ mi mú, ó gbé ìka mi lé ibi egungun náà. "Iṣan kan gba ibí kọjá, bíi wáyà iná. Òun ló ń gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè, òun ló ń bá awọ orí ẹsẹ̀ gbọ́ràn. Àwọn yòókù sá pamọ́ sínú ẹran. Èyí nìkan ló yọ sí etí egungun, awọ ló bò ó. Bàbá ti fi rọ́bà fún un lọ́rùn."

"Rọ́bà?" ni Àǹtí wí. "Gbogbo ẹkún tí mo sun lọ́nà, rọ́bà?"

"Ohun tí mo rí ò jọ ti ọpọlọ, màmá. Ojú gbéra, ọwọ́ dúró, ahọ́n já gaara, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tẹ̀ síbi tó yẹ. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bi ẹni tó jù mí lọ."

Ó pe dókítà ọpọlọ lórí fóònù níṣojú wa. Ó ń ka ohun tó rí fún un bí ẹni tó ń júwe ilé fún ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí: ilẹ̀kùn rèé, fèrèsé rèé, ibi tí òrùlé ti ń jò rèé. Ẹni ọ̀hún ń béèrè. Eléyìí ńkọ́? Ìyẹn ńkọ́? Kò sí èyí tó béèrè tí dókítà wa ní òun ò wò. Mi ò gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ìyẹn yé mi. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí ẹni ọ̀hún ní, "O ti rí i. Èmi náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀."

Dókítà ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá àìsàn ṣúgà wà níbẹ̀. Kò sí. Ó fún un ní ohun tí yóò máa gbé ẹsẹ̀ dúró nínú bàtà. Ó ní kò gbọdọ̀ so nǹkan kan mọ́ orúnkún, kò gbọdọ̀ lóṣòó, kò sì gbọdọ̀ dùbúlẹ̀ kalẹ̀, rírìn ni kó máa rìn. Ó ní bí ẹnu bá yí, bí ọwọ́ bá rọ, bí ọ̀rọ̀ bá lọ́, bí ẹsẹ̀ kejì bá bẹ̀rẹ̀, ká má dúró mu omi. Mo bi í bóyá yóò jí.

"Mo rò bẹ́ẹ̀, màmá. Ṣùgbọ́n iṣan kì í kánjú. Ẹ wá yá mi lọ́wọ́ yín." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ mi lé orí ẹsẹ̀ ọkọ mi. "Láràárọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ báyìí, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fà á sókè. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ mọ̀, kí èmi tó mọ̀."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe délé. Ọkọ mi fi ọ̀bẹ gé rọ́bà náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Kò bá mi jà nítorí ọ̀rọ̀ ìyọjú, ó kàn ní, "Ojú ẹ mú jù." Mo mọ̀ pé ó ti forí jì mí.

Láràárọ̀, kí n tó fi ọwọ́ bọ omi, mo máa ń jókòó sídìí ẹsẹ̀ rẹ̀, mo máa ń fi ọwọ́ lé e. "Fà á." Kò sí nǹkan kan. Àǹtí á pè lórí fóònù pé, "Ṣé rọ́bà ti jí?" Bí ọkọ mi bá sùn lọ́sàn-án, mo máa ń yọ́ wá wo igun ẹnu rẹ̀. Mo máa ń pè é lásán kí n lè gbọ́ bó ṣe ń dáhùn. Mo gba dókítà náà gbọ́. Ẹ̀rù ni kò gbà á gbọ́. Oṣù kan lọ, èkejì wọlé. Ọwọ́ mi ti mọ ẹsẹ̀ yẹn ju bí mo ti mọ̀ ọ́n látìgbà tí a ti fẹ́ra lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fi ọwọ́ lé e, mo ní, "Fà á," ọkàn mi ti wà lọ́dọ̀ aṣọ oníbàárà. Nǹkan kan kàn mí ní àtẹ́lẹwọ́. Kò lágbára. Bí ìgbà tí ọlẹ̀ bá kọ́kọ́ sọ nínú aboyún ni, tí kò ní mọ̀ bóyá ọmọ ni àbí afẹ́fẹ́. Mi ò mí.

"Ṣé o gbọ́ ọ?" ni ọkọ mi wí.

Mo ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo mi orí pé rárá.

"Mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Tún un ṣe."

Ó tún un ṣe.